Iná Kò Ṣe Nǹkan Kan

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa fóònù yín tì kí ẹ gbọ́ tèmi. Ní ìlú Ìkirè, ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Adégbàyí lorúkọ rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé "kò ṣeé ṣe" láéláé.

Mọrẹ́nikẹ́, ìyá ọlọ́mọ méjì, ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí fírídọ̀mù rẹ̀ kù díẹ̀, Ọ̀gá fọ́nnu káàkiri pé lọ́jọ́ náà, òun yóò ṣí ètò ìṣiṣẹ́, èyí tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, láìpa ti àtijọ́ rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kọ̀ǹpútà àfarawé ni wọ́n ń dá sínú kọ̀ǹpútà gidi, bí àlejò tó wọ̀ sílé onílé. Ṣùgbọ́n àlejò yìí kì í gbé ọpọlọ tirẹ̀ wá, ọpọlọ onílé ló ń lò. Ètò tuntun náà sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ẹ̀rọ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí ti pẹ́ jù, kò lè gbé òun.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó ṣáájú rẹ̀ sà," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Ẹ̀rọ wa gbé ìyẹn dáadáa."

"Ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́?" Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. Ó dọ́gbọ́n fo àyẹ̀wò tí ètò náà fi ń wo ọpọlọ ẹ̀rọ, ó sì fi tipátipá gbé ètò tuntun wọlé.

Ọjọ́ pé. Àwọn ẹbí jókòó, alága ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà náà dé. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Ọ̀gá tan ètò tuntun rẹ̀. Àwòrán yọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ojú ẹ̀rọ sì ṣókùnkùn. Ó tún yọ, ó tún ṣókùnkùn. Òógùn bo Ọ̀gá.

"Iná ni o!" ló pariwo. "Iná yìí ò dúró re. Àbí, Mọrẹ́nikẹ́?"

Àwọn èèyàn mi orí pé òótọ́ ni. Ta ni kì í di ẹ̀bi ru iná nílẹ̀ yìí? Fáànù sì ń yí geere lókè orí wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni sà" péré ló kù kí obìnrin yìí di ọ̀gá ara rẹ̀.

"Rárá sà," ló wí lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. "Iná ò ṣe nǹkan kan. Ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ni ò gbé e, àwa méjèèjì la sì jọ kà á. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo máa fi gba fírídọ̀mù, ẹ mú un dání."

"N kò tú ẹ sílẹ̀!" Ọ̀gá figbe ta.

Mọrẹ́nikẹ́ dìde, ó ṣí ètò tó ṣáájú náà lójú gbogbo wọn, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Alága gba ìwé ẹ̀rí fírídọ̀mù náà lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó gbé e fún Mọrẹ́nikẹ́.

"Èmi tú u sílẹ̀," ló wí. "Irú ẹni báyìí ni mo lè gbé kọ̀ǹpútà mi fún."

Títí di òní, bí Adégbàyí bá ti ní iná ló ba kọ̀ǹpútà ẹnìkan jẹ́, oníbàárà á gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Mọrẹ́nikẹ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù gbà á lọ́wọ́ yín: ẹ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá yín, ṣùgbọ́n ẹ má bá a purọ́. Ohun tí agbára kò bá ká, ẹ sọ pé kò ká a. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.