Ìyá Tí Gírámà Fi Gba Kẹ̀kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìka ti ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èmi tí mò ń sọ ọ́, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe jẹun. Àmọ́ ojú mi ló ṣe.

1.
Ọmọ kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, Gírámà là ń pè é. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Tí Gírámà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, eṣinṣin á bà kó lè gbọ́ dáadáa. Mo máa ń lọ tún kẹ̀kẹ́ Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì wọn, màá wá dúró lójú fèrèsé kíláàsì. Ah, kíláàsì yẹn. Eruku ṣọ́ọ̀kì nínú oòrùn àárọ̀, ìwé tí wọ́n fi bébà bò, tábìlì tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ sí títí tó fi fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Awò ojú Tíṣà nípọn débi pé ó ń fi rí ohun tí o fẹ́ rò lọ́la.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìyá wọn, iṣẹ́ kíláàsì ni. Gírámà gba gbogbo ẹ̀ àfi ibì kan. Ibi tó yẹ kó kọ 'ṣíì', tí wọ́n ń lò fún obìnrin kan, 'déì' ló kọ, tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tíṣà bi í pé ìyá mélòó ló ní.

"Ẹyọ kan ni, sà. Àmọ́ màmá mi ni. Ọwọ́ mi ò gbà á láti pè wọ́n ní ṣíì."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé fi fẹ́ ká kúrò. Tíṣà fi báírò pupa fàlà sí i, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíì ni, Gírámà á kọ ṣíì láìṣẹ́jú.

2.
Ojúkòkòrò wá wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọ asáínmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá mú búrẹ́dì wá, á kọ tiẹ̀. Ẹni tí ò bá ní, á bá a gbé àpò ìwé. Kò pẹ́, Gírámà ń rìn lọ sílé ìwé lọ́wọ́ òfo bí ọ̀gá àgbà.

Ní ìparí táàmù, Tíṣà fún wọn ní asáínmẹ́ǹtì ìkẹyìn: Ìyá Mi. Èyí tó bá dára jù, òun á kà á lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá, òun á sì túmọ̀ ẹ̀ sí èdè wa. Ìyá Aránṣọ gbọ́, wọ́n rán aṣọ búlúù kan fún ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i kí wọ́n rán tara wọn rí.

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, wàá sìn mí lọ o. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà mí síta."

3.
Gírámà kọ ìyá fún gbogbo kíláàsì tán kó tó kan tiẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan tiẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

Àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà á, Ọmọ Onílọ́rì, ọmọ kíláàsì wọn kan tí bàbá ẹ̀ ní lọ́rì, wá bá a. Ó ní èyí tó kọ fóun ò níyọ̀, ti Gírámà fúnra ẹ̀ lòun fẹ́, òun á fi kẹ̀kẹ́ òun sílẹ̀ fún un pátápátá. Kẹ̀kẹ́ yẹn tuntun ni, ó ń dán débi pé o lè fárùngbọ̀n lójú ẹ̀. Gírámà wo kẹ̀kẹ́, ó wo bébà.

"Mú un. Màá kọ òmíì."

Ọmọ Onílọ́rì dà á kọ kíákíá, kò tiẹ̀ yí 'déì' padà. Gírámà fi ìkánjú kọ pé ìyá òun dára, ó ń se oúnjẹ.

4.
Ọjọ́ pé. Mo jókòó ti Ìyá Aránṣọ. Tíṣà na bébà sókè, ó ní èyí ló dára jù, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ sọ ìyá kan di ọ̀pọ̀. Ó yọ awò ojú, ó wo Gírámà.

"Orúkọ Ọmọ Onílọ́rì ló wà lórí ẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ní nǹkan láti sọ?"

Gírámà ń wo kẹ̀kẹ́ látojú fèrèsé. Ó dorí kodò.

Tíṣà kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá túmọ̀ ẹ̀: "Màmá mi máa ń fi pínnì sẹ́nu sọ̀rọ̀, síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Tí wọ́n bá ti yọ pínnì lẹ́nu, mo mọ̀ pé ìbáwí ń bọ̀. Wọ́n ń ránṣọ fún gbogbo ayé, tiwọn ni kì í kàn."

Ìyá Ọmọ Onílọ́rì, tó ń ta símẹ́ǹtì, dìde gba àtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ìka ara wọn bí ẹni ń wá ibi tí pínnì wà. Ìyá Aránṣọ ló pàtẹ́wọ́ jù.

5.
Lójú ọ̀nà, Gírámà ń ti kẹ̀kẹ́ tó ní wọ́n yá òun, kò lè gùn ún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyá ọmọ yẹn náà ń fi pínnì sẹ́nu. Mo rò pé èmi nìkan ni." Wọ́n rìn díẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ nípa tèmi?"

"Mo kọ pé ẹ dára, mà."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. O ṣé, ọmọ mi."

Gírámà sọ fún mi pé lọ́la lòun máa jẹ́wọ́ fún wọn. Ó ń sọ lọ́la títí Ìyá Aránṣọ fi kú. Kẹ̀kẹ́ yẹn dógùn-ún sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Gírámà ti di ẹni ńlá báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ jẹun, àmọ́ ó ní èyí tó dára tó tọjọ́ yẹn ò tíì jáde lọ́wọ́ òun mọ́. Tó bá wá kí mi, á jókòó lórí àpótí, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi tún un sọ." Màá tún ọ̀rọ̀ Tíṣà sọ fún un, màá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Tí mo bá dé ibi pínnì, á wojú ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má ta asáínmẹ́ǹtì, ẹ má sì rà á. Iṣẹ́ ọpọlọ yín lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìwọ tí ìyá rẹ ṣì wà láyé, ohun rere tó o mọ̀ nípa wọn, lọ sọ ọ́ fún wọn lónìí, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Tó o bá sì kọ 'déì' fún wọn, tí Tíṣà fàlà pupa sí i, jẹ́ kó fà á.