Ọtí Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Warwick Kò Rà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ìparí rẹ̀ ló dùn mí jù.

1. Bíríkìlà ni Warwick, a jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú Ballarat, nílẹ̀ òyìnbó níbí ni. Ó ń wá owó àsansílẹ̀ tí báńkì ń gbà kí wọ́n tó yáni lówó ilé. Ó jáwọ́ nínú kọfí àárọ̀, ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́ nínú òtútù. Ẹ gbọ́, n ò bú u nítorí ìyẹn o. Ta ni kò fẹ́ nílé?

2. Àmọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, tá a bá ti ṣíwọ́, ilé ọtí ni gbogbo wa ń forí lé. Ẹnì kan á ra bíà fún gbogbo tábìlì, ẹlòmíì á ra tẹ̀ lé e, títí á fi kárí. Bó o bá jẹ́ òpùrọ́, a ṣì lè bá ẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n kó o mu tiwa, kó o má ra tìẹ? Háà!

Warwick á mu ti Damo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Á mu tèmi náà. Tó bá wá kàn án, á gbé fóònù sétí. "Ẹ má bínú, ìyàwó ń pè mí." Ìyàwó wo? Àpọ́n ni!

3. Lọ́jọ́ kan, Damo lé e bá níta.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé kò sówó lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Mò ń tọ́jú owó ilé ni."

"Kí ló dé tó ò sọ? Ǹ bá máa ra tìẹ mọ́ tèmi. Ká ní omi lásán lò ń mu, ta ló máa lé ẹ? Àmọ́ o máa ń mu tiwa tán, o wá ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó dùn mí."

Warwick rẹ́rìn-ín. "Nítorí ife bíà? Jẹ́ kí n ra ilé ná, wàá mu yó."

"Ó dáa," ni Damo wí. Kò fi ìbínú hàn. Báwọn èèyàn ibí ṣe rí nìyẹn: wọn ò ní bá ẹ jà, wọn ò kàn ní pè ẹ́ mọ́.

4. Warwick ra ilé lóòótọ́. Ó pè wá lọ́jọ́ Sátidé kan ká wá jẹ sọ́séèjì yíyan lẹ́yìnkùlé. Èmi nìkan ni mo lọ. Ó ti to àga yíká, ó sì kó bíà púpọ̀ sínú yìnyín.

"Damo ń bọ̀ lẹ́yìn, àbí?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ti kó lọ sí Perth, níkángun kejì orílẹ̀-èdè yìí lọ́hùn-ún. A ṣe ìdágbére fún un nílé ọtí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá."

Sọ́séèjì ń jóná, Warwick kò yí i.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ṣí bíà fún mi. Mo mu díẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì.

"Má tíì lọ, jọ̀ọ́. Ṣé kí n ṣí òmíì?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tu owó jọ, mo bẹ̀ yín, ẹ gé tiyín kù bó bá ṣe wù yín. Tí ọwọ́ ò bá tó, ẹ sọ ọ́ síta, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi ẹ̀tọ́ ọ̀rẹ́ kọ́lé. Ènìyàn ń boni lára ju aṣọ lọ. Ó sì ju òrùlé lọ pẹ̀lú.