Ilé Orí Òkè Tí Gbólágadé Pa Rẹ́

Ní àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gbólágadé wà, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ di sí ìmọ̀ràn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀, n kò sì ní fi bò.

Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, sáfà ni wọ́n ń pè é. Orí rẹ̀ ni ogójì ọ̀dọ́ ti ń ṣe géèmù ìkọ́lé. Oníkálukú wà nílé rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jọ ń kọ́ ìlú kan ṣoṣo. Ìníolúwa wà lára wọn, ọmọbìnrin tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde mú lọ. Kí ó tó kú, ó kọ́ ilé kékeré kan sórí òkè ní ìpẹ̀kun ìlú náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ìyá rẹ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ikú rẹ̀, ìyá náà a wá sí ṣọ́ọ̀bù, a kà á, a gbàdúrà, a sì lọ.

Nígbà tó yá, géèmù náà ń wọ́ bí ìgbín. Gbólágadé bá rí mọ́ọ̀dù kan, àfikún tí àwọn olùṣeré fúnra wọn ń ṣe tí wọ́n sì ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí a máa pa gbogbo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dé láti oṣù mẹ́fà rẹ́, kí ẹ̀rọ lè fúyẹ́. Ẹni tó ṣe é kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìlú náà pamọ́.

Ládòkun, tó ń bá a bójú tó sáfà, bẹ̀ ẹ́. "Bọ̀dá Gbólá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó kọ́ ọ."

"Ta ló ni ẹ̀rọ, èmi àbí ìwọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí ẹnìkan kì í dé, igbó ni. Igbó là ń ṣán!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Géèmù yá bí àṣá. Gbogbo wọn ń kígbe pé, "Bọ̀dá, ọwọ́ yín dáa o!" Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó sọnù.

Ọjọ́ kẹsàn-án, tí í ṣe àyájọ́ ikú ọmọ náà, ìyá Ìníolúwa dé, Bíbélì lábẹ́ abíyá. Wọ́n wá orí òkè títí. Koríko lásán.

"Gbólá, ilé ọmọ mi dà?"

"Màmá, ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti débẹ̀..."

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń lọ síbi ibojì rẹ̀ náà. Ṣé wàá lọ gbin ẹ̀gẹ́ sí i?"

Kò ní ẹ̀dà. Ìyá náà yí padà, ó lọ. Ládòkun ló kọ́kọ́ kúrò nínú géèmù náà. Bí àwọn yòókù ṣe ń gbọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé e; kí oṣù tó parí, kò ku ẹnìkan. Títí dòní, sáfà Gbólágadé ń yá bí àṣá, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ! Ìríjú lásán ni ẹni tí a fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn sí ìkáwọ́ rẹ̀, ìríjú yóò sì jíyìn. Ọlọ́run tí kì í gbàgbé ológoṣẹ́ kò gbàgbé ilé orí òkè yẹn. Ohun tí ẹ kò bá rí ẹni tó ń wò ó, ẹ má pè é ní igbó. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé àdá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.