Ọgọ́ta Mítà Láì Mí

Nainoa di okùn ọkọ̀ mú nínú òkun Kona, ó ń yọ ṣùtì sí Àǹtí Puanani tó máa ń ṣọ́ ọ bó bá mòòkùn.

"Ọgọ́ta mítà, Àǹtí. Mi ò lọ jìn tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó di òní. Ẹ ní kí n sinmi. Ẹ̀rù lásán ló ń bà yín. Eré yìí ti kọjá ti arúgbó."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìlara ni, Nainoa rò nínú ara ẹ̀.

"Ṣé o rántí bó o ṣe jáde?" Àǹtí bi í.

"Kí ló máa mú mi gbàgbé?"

"Ta ló wá yọ awò tó o fi ń mòòkùn kúrò lójú ẹ?"

Nainoa fọwọ́ kan ojú. Kò sí awò.

Ọwọ́ Àǹtí ló wà.

"Ó ku mítà mẹ́wàá kó o yọrí lo dákú. Ẹnu tó o fi ń bú mi yẹn, ẹnu mi ni mo fi fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀."