Oògùn Tó Ń Mú Ọkàn Rọra

Ọkàn bàbá náà kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àtẹ̀gùn kékeré iwájú ilé sì ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ilé ìwé, gbà á sílé ara rẹ̀, ó sì mú un lọ sí ọsibítù.

Dókítà kọ oògùn tó ń mú kí ọkàn máa lù pẹ̀lẹ́ fún un. Bàbá, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe mẹkáníìkì, wò ó lójú.

"Dókítà, ọkàn tó ti rẹ̀, ẹ tún ní kó dín eré kù?"

"Bàbá, eré àsápajúdé tó ń sá ló ń pa á lára. Ẹ jẹ́ kó rọra, á sì lágbára. Ìdajì hóró la máa fi bẹ̀rẹ̀, a ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ rẹ̀ yín o. Ẹ má ṣàdédé dá a dúró."

Ó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Bàbá ń kùn káàkiri ilé pé wọ́n ti sọ òun di ìgbín. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà lọ fún àyẹ̀wò, ohùn yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn aláìsàn ọkàn ní ọsibítù. Bó bá ti pé, á fá irùngbọ̀n, á lọ ṣòkòtò, á da lọ́fíńdà sára bí ọkọ ìyàwó. Ó ní kí ọmọ òun má yọra rẹ̀ lẹ́nu, òun lè dá lọ. Bí wọ́n bá sì fi kún oògùn rẹ̀, á máa yangàn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Olùkọ́ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìyá ti kó jáde nílé bàbá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya fọ́tò.

"Màámi, ó jọ pé bàbá mi ti ń fẹ́ ẹnìkan ní ọsibítù."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó dákẹ́ kó mí díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa gba aláriwo yẹn? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

"Ọkàn wọn ni mò ń rò. Kí ẹnìkan má lọ ba ohun tí dókítà ń tún ṣe jẹ́. Ẹ bá mi lọ wò ó lọ́jọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Mo ní ibì kan tí mò ń lọ."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, olùkọ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó tọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn dé ọsibítù. Ó ti to ọ̀rọ̀ gbígbóná sẹ́nu de obìnrin náà. Ó bá bàbá lórí bẹ́ńṣì, tó gbé ife omi dání fún obìnrin kan tó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, tó ń gbé oògùn mì.

"Orí ìdajì hóró lo ṣì wà," ni bàbá ń wí. "Èmi ti kúrò níbẹ̀."

Obìnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un níhà. Olùkọ́ wúkọ́, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Jókòó, ọmọ mi, kí àyà rẹ má baà já," ni ìyá rẹ̀ wí bó ṣe yíjú padà, "àwa méjèèjì ni wọ́n ní ká máa rọra."