Ráàkì Tí Dilwyn Fi Sínú Ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá òbí yín tún nǹkan ṣe.

1.

Ní abúlé kan lórí òkè ní ilẹ̀ Wales, Idwal ní ọkọ̀ Míínì kékeré kan. Ọdún tó gbé Menna níyàwó ló rà á, ó sì ti wà á fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún àti lósì, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Idwal kì í ronú kó tó yà. Ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe é tán, á sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ń bá Menna sọ lọ.

Nígbà tó yá, ráàkì ọkọ̀ náà jẹ. Ráàkì ni irin abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń yí táyà iwájú nígbà tí èèyàn bá yí sitiarín. Dilwyn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Ó mọ iṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

"Irú èyí tó bá ọkọ̀ wá ni kí o rà o," Idwal kìlọ̀ fún un. "Má gbé nǹkan ìgbàlódé kankan wá fún mi."

"Bàámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Bí o bá pé ọgọ́ta ọdún, ọmọdé ni ọ́ lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre," Menna dá sí i láti ilé ìdáná. "Dilwyn, wá mu tíì kó tó tutù."

2.

Nesta, obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ nínú abà, gbé ráàkì méjì sórí tábìlì. Ti àkọ́kọ́ ni irú èyí tó bá ọkọ̀ wá: èèyàn á yí sitiarín bí ìgbà mẹ́ta kí táyà tó kúrò ní ìpẹ̀kun òsì dé ìpẹ̀kun ọ̀tún. Ìkejì ni ráàkì ayára. Ìgbà méjì àti díẹ̀ ti tó. Díẹ̀ lèèyàn á fọwọ́ tọ́ sitiarín, ọkọ̀ á ti yà.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oní-Míínì máa díje, tí wọ́n á máa wa ọkọ̀ yí òpó ká lórí pápá. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni Dilwyn gbé lọ, ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Dilwyn, ṣé màmá rẹ àgbà lo gbé wá bá ẹ wa ọkọ̀ ni?"

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́?" Nesta bi í.

"Bàámi ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún."

"Fún wọn ní èyí tọ́wọ́ wọn mọ̀. Bí o bá fi dandan mú ayára, sọ fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ra níbi tí kò sí ògiri."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí Nesta."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ayára ló rà, òun ló sì tò sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

3.

Lọ́jọ́ Àìkú, Dilwyn gba ipò kìíní. Nígbà tó gbé ife ẹ̀yẹ délé, Menna dì mọ́ ọn, Idwal sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ráàkì tí o fi sí i yẹn dáa o," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí bàbá òun mọ̀ pé òun ṣàìgbọràn, kò sì fẹ́ kí adùn ife náà bàjẹ́. Ó ní lọ́la, tóun bá tibi iṣẹ́ dé, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ síbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń mú un, ó lọ sùn.

4.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Menna fẹ́ ra òwú tó máa fi hun súwẹ́tà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ òkè nígbà tí katakata kan yọ ní kọ́nà. Idwal yí sitiarín bó ṣe ń yí i láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò lé, kò dín. Ọkọ̀ náà fò lu ògiri lápá òsì, níbi tí Menna jókòó sí.

Kí àwọn onítọ̀jú tó dé, Menna ti kú.

"Dilwyn, ọwọ́ mi ni," Idwal ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. "Ọwọ́ mi ti darúgbó. Èmi ni mo pa ìyá rẹ."

"Bàámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Iwájú ọkọ̀ ti rún wómúwómú, kò sẹ́ni tó wo ráàkì. Gbogbo abúlé ní àgbà ló dé. Idwal kò wa ọkọ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ gbé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ra mọ́, ó ní kí òun má lọ já a lulẹ̀. Dilwyn ń rí gbogbo rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọdún méjì.

5.

Ìgbà tí Dilwyn fi máa jẹ́wọ́, Idwal ti wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, iyè rẹ̀ sì ti ń ra.

"Bàámi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ráàkì ayára ni mo fi sí i. Mi ò sọ fún yín."

Idwal na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. "O wá jẹ́ kí n máa kórìíra ọwọ́ ara mi?"

Ó sunkún, àwọn méjèèjì jọ sunkún. Dilwyn rò pé ó ti parí.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó bá bàbá rẹ̀ tó ń wo àtẹ́lẹwọ́, tó ń bẹ Menna pé kó dárí ji òun. Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí Dilwyn sọ. Dilwyn tún sọ ọ́ fún un, Idwal tún gbọ́ ọ bí ẹni pé òní ni, ó tún sunkún. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí dòní. Àlàyé tí ì bá tu bàbá yẹn nínú kò dúró sí i lọ́kàn mọ́.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àánú Dilwyn sì ń ṣe mí. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí ẹ bá yí ohunkóhun padà nínú nǹkan tí ẹlòmíì ń lò, ì báà jẹ́ ọkọ̀, ì báà jẹ́ sítóòfù, ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ jẹ́wọ́, nígbà tí ẹni náà ṣì lè rántí pé ẹ wá.