Gíláàsì Asọmọdarẹwà

Ó ń rí mi lára. Láràárọ̀ ni mo ń nu gíláàsì asọmọdarẹwà tó wà lójú fèrèsé yàrá ìkókó. Ẹni tó bá dúró síta, gbogbo ọmọ ló ń dán lójú ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá níbi tí mo wà, ẹkún ni wọ́n ń sun, awọ wọn ń bó, orí ẹlòmíì sì gùn bí ìbẹ́pẹ. Ẹ̀rọ ló ń fún wọn ní wàrà. Ìyá kì í gbé ọmọ títí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sílé.

Lónìí, mo gbé ọmọ Fadérera jáde fún un. Ó fò sẹ́yìn.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ ti pààrọ̀ ọmọ mi!”

“Ìyá ìkókó, orúkọ yín rèé lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ wo ọmọ, ó wo fèrèsé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ń ta irú gíláàsì yìí?”

Mo nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń tà á nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn níbí.

Ṣọ́ọ̀lù ọmọ ni wọ́n fi wé gíláàsì tí wọ́n rà kó má baà fọ́, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, òtútù ń mú un.